Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí òǹkà CPU nínú kernel

Iṣẹ́ kan náà ni mo ń fi perf, irinṣẹ́ Linux tó ń lo òǹkà inú CPU, wọ̀n láti ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá mi ní Ìkòròdú, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Bó bá ka cycle, ìyẹn ìgbésẹ̀ aago CPU, dáadáa lẹ́ẹ̀kan, á ka èyí tí kò tó ìdajì lẹ́ẹ̀kejì. Mo bú perf títí. Àṣé module (èròjà tí a ń fi kún kernel, ọkàn Linux) tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló ń fi wrmsr, àṣẹ tó ń kọ iye sínú register, da òdo sínú 0x38F, register (àpótí kékeré inú CPU) tí Intel fi ń tan òǹkà tó sì fi ń pa wọ́n. perf ń tan án, èmi ń pa á.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwa tó ń kọ module nìyí. Ẹ wo ilé tí ayálégbé mẹ́fà ti ń lo mítà kan, tí ẹnì kan wá ń dìde lóru lọ fọwọ́ kàn án láìsọ fún onílé. Láti Linux 2.6.31, ní 2009, perf ni onílé òǹkà. Ẹ fi function perf_event_create_kernel_counter tọrọ òǹkà tiyín lọ́wọ́ rẹ̀. Nmi_watchdog, ẹ̀ṣọ́ inú kernel tó ń wò bóyá CPU há, pàápàá ń tọrọ ni. Bí òǹkà kan bá dín, ọwọ́ nmi_watchdog yìí ló sábà máa ń wà, ẹ má wá olè kiri.

Ẹ má sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé fún àlejò tó kàn béèrè iye yàrá. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fi EXPORT_SYMBOL_GPL, tó ń ṣí nǹkan inú kernel fún module, gbé x86_pmu, àpò tí perf kó ètò òǹkà CPU x86 sí, lódindi síta, nítorí pé module rẹ̀ fẹ́ mọ iye òǹkà! perf_get_x86_pmu_capability wà fún un: ẹ̀dà ló ń kọ fún yín, ojúlówó kò kúrò nílé. Ẹ má kọ 4 tàbí 8 sínú kóòdù yín bí iye tí kò lè yí padà. Lórí Skylake, irú CPU Intel kan, òǹkà 4 ni thread kọ̀ọ̀kan ń rí bí hyper-threading (tó ń jẹ́ kí core kan ṣe bíi méjì) bá wà ní títàn, 8 bí ẹ bá pa á.

Ti KVM, apá kernel tó ń gbé kọ̀ǹpútà àfarawé (guest) ró lórí kọ̀ǹpútà gidi (host), ló ń mú àwọn àgbà. perf_guest_get_msrs ń fún un ní àkójọ register, pẹ̀lú iye tí host fẹ́ àti èyí tí guest fẹ́. CPU tó pè é nìkan ló ni àkójọ náà, iye inú rẹ̀ sì lè yí padà nígbàkígbà tí perf bá pààrọ̀ event, ìyẹn ohun tó ń kà. Ẹ̀yìn tí KVM bá ti pa interrupt (ìpè tó ń já iṣẹ́ CPU gbà) ló ń béèrè, nígbà tó bá ku díẹ̀ kó wọ guest. Ẹni tó béèrè láàárọ̀ tó fẹ́ lò ó lálẹ́, ẹja àná ló gbé wá sọ́jà.

Tèmi? Ìlà wrmsr méjì ni mo pa rẹ́. perf kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo lọ pa jẹnẹrétọ̀.