Bí ẹgbẹ́ aláàánú wa n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣe lè máa gba ìdáwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ aláàánú n'Íjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù, n'Ípẹru, n'Íjẹ̀bú-Igbó, ẹ gbọ́ o. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ń wá bí wọ́n ṣe máa ran ilé lọ́wọ́, àmọ́ tí wọ́n bá rí i pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí akáǹtì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, wọ́n á rọra gbé fóònù wọn sílẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá.

Torí náà ká tó débi lìnkì téèyàn máa tẹ̀ láti sanwó, akáǹtì ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Orúkọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ti akápò, kì í ṣe ti alága, bó ti wù kí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ tó, torí ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe akápò, owó ẹgbẹ́ á di ohun tí ẹ̀ ń bá ẹbí ẹ̀ fà. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Incorporated Trustees, ìyẹn irú tẹgbẹ́ aláàánú, lẹ máa sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe business name tó wà fún òwò o. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ìwé òfin ẹgbẹ́ wá, kẹ́ ẹ sì kéde orúkọ yẹn nínú ìwé ìròyìn méjì, wọ́n á fún aráàlú ní ọjọ́ 28 kẹ́ni tó bá ní àtakò sọ tiẹ̀. Tíyẹn bá parí, ẹ gba ìwé SCUML, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí i pé wọn ò sọ owó kòtọ́ di owó gidi, lábẹ́ EFCC, torí báńkì á bi yín. Ọ̀fẹ́ ni SCUML o, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ní báńkì, ó kéré tán kéèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ lìnkì wá kàn. Paystack àti Flutterwave, àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, làwọn èèyàn ń lò jù, ẹ ò sì nílò wẹ́búsáìtì rárá, ẹ lè ṣí ojú ìwé ìsanwó sórí Paystack látorí fóònù, ẹ kọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ṣe síbẹ̀ kó yéèyàn: "ẹ̀rọ omi fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀" dáa ju "ẹ ràn wá lọ́wọ́" lọ. Ẹ jẹ́ kéèyàn lè fi iye tó bá wù ú síbẹ̀. Wọ́n máa ń yọ owó iṣẹ́ tiwọn o: Paystack ń yọ 1.5% àti ₦100, àmọ́ wọn kì í yọ ₦100 yẹn tówó ò bá tó ₦2,500, wọn kì í sì í yọ ju ₦2,000 lọ lórí káàdì Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fún yín ní ₦10,000, ₦9,750 ló máa wọlé. Káàdì òkè òkun wọ́n jùyẹn lọ, 3.9% àti ₦100 ni. Ẹ sọ ọ́ fáwọn èèyàn yín látìbẹ̀rẹ̀ kí ìṣirò má baà di ìjà nípàdé.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa tẹ lìnkì ṣá. Màmá tó ń tajà ní Òkè Ajé lè fẹ́ fi USSD, nọ́ńbà báńkì téèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù láì lo íntánẹ́ẹ̀tì, ránṣẹ́, torí náà ẹ kọ nọ́ńbà akáǹtì ẹgbẹ́ sábẹ́ lìnkì, kẹ́ ẹ ní kó kọ orúkọ ẹ̀ àti ohun tówó wà fún sí i. Ẹ má wo àlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó ti wọlé, nìkan, àlẹ́ẹ̀tì irọ́ pọ̀ nígboro, inú áàpù báńkì fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wò ó kẹ́ ẹ tó fún èèyàn ní rìsíìtì.

Àsìkò Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ni gbogbo Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà n'Íjẹ̀bú, máa ń pé sílé, àwọn ará òkè òkun náà á ti wọlé, ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ti tẹ QR code, àwòrán tí fóònù máa ń yà kó lè ṣí lìnkì, sórí bébà ńlá, kẹ́ ẹ sì ti dán an wò ṣáájú, torí nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ báyẹn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tówó bá wọlé. Ẹni tó fi ₦1,000 ránṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tẹ́ ẹ fi owó ẹ̀ ṣe bí ẹni tó fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́. Lóṣooṣù, ẹ kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì ọjà tẹ́ ẹ rà, ẹ gbé e sórí WhatsApp. Ẹ má fi ojú ọmọ aláìlóbìí tó ń sunkún tọrọ owó, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn á dàgbà, fọ́tò yẹn á sì ṣì wà níta. Kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ẹni tó dáwó síta náà, ẹ bi í, àwọn míì ò fẹ́ káyé gbọ́, òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 sì wà nílẹ̀.

Tẹ́nì kan bá wá ní òun ti ṣèèṣì fi òdo kan kún owó tóun fi ránṣẹ́, pé kẹ́ ẹ dá ìyókù padà sí akáǹtì míì, ẹ má ṣe é. Ẹ rí i dájú pé owó yẹn wọlé lóòótọ́, tó bá jẹ́ orí lìnkì ló ti san án, kẹ́ ẹ dá a padà látinú Paystack fúnra ẹ̀, káàdì tó ti jáde ló máa padà sí.