Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí gbéwiri fi ń rí àpò àlejò yọ ní ìlú ńlá

Ní ọdún 2001, Apollo Robbins, ọkùnrin kan tó ń yọ àpò àwọn èèyàn lórí ìtàgé láti fi dá wọn lára yá, pàdé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí. Kí wọ́n tó fura, ó ti kó ẹrù lápò wọn, títí kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọ̀gá wọn kiri. Àwọn tí wọ́n ń gbowó oṣù torí kí wọ́n máa ṣọ́ èèyàn ni o! Nítorí náà, ẹni tí gbéwiri bá yọ àpò rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, kò sì yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àdánù náà ì bá mọ níwọ̀n ká ní ẹni náà tún ẹrù rẹ̀ tò kó tó jáde nílé tó wọ̀ sí. Ọwọ́ olè lè yá ju ojú wa lọ. Bí nǹkan tó máa rí kó yóò ṣe pọ̀ tó, àwa la máa ń pinnu ìyẹn.

Wíwá olè tó jọ olè

Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ṣọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ ti gbó. Gbéwiri ìlú ńlá kì í múra bẹ́ẹ̀. Á fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn, á mú àwòrán ìlú lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣìnà. Ó lè jẹ́ obìnrin tó gbé ọmọ dání, ó lè jẹ́ bàbá àgbàlagbà tó wọ kóòtù. Wọn kì í sì í sábà dá ṣiṣẹ́. Ẹnì kan á dí yín lọ́nà, ẹnì kejì á yọ nǹkan, ẹnì kẹta á gbà á, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá tiẹ̀ gbá ọwọ́ ẹni tó yọ ọ́ mú, òfìfo lẹ máa bá níbẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò tóbi, kò fi ríran. Ẹ yé wo ojú èèyàn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín ni kí ẹ máa wò. Ẹnì kan dúró gbagidi ní òpin àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá rọ́ lu ara wọn: ọwọ́ ti wà lápò ẹnì kan níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan sáré wọlé, ó fara gbún yín, ó tún sáré bọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Nǹkan ọ̀rinrin kan dà sí yín lẹ́yìn, aláàánú kan sì ti yọ tíṣù, ó ń bá yín nù ún. Ẹ jókòó, fóònù yín wà lórí tábìlì, ẹnì kan tẹ́ ìwé lé e pé kí ẹ fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá ká ìwé náà, á ká fóònù mọ́ ọn. Ní Paris, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mú òrùka wúrà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, wọ́n á ní ṣé tiyín ni. Kì í ṣe wúrà, kò sì sọ nù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti "ọlọ́pàá" tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tó ní òun fẹ́ wo inú pọ́ọ̀sì yín bóyá ayédèrú owó wà níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣe tán láti bá a dé àgọ́. Ẹ máa rí i pé kíá lọ̀rọ̀ á tán.

Fífi ọwọ́ ara ẹni júwe

Ẹ kíyè sí àwọn èèyàn tó bá ń kọjá lábẹ́ pátákó tó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún gbéwiri. Bí wọ́n bá ti kà á tán, ọwọ́ á lọ sí àpò láti wò ó bóyá owó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó dúró sí kọ̀rọ̀ ti mọ ibi tí owó wà, kò tún ní kó máa wá a kiri. Bákan náà ni ti ẹni tó yọ gbogbo owó rẹ̀ síta níwájú ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì tó sì ń kà á. Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ.

Àpò ìgbàdí tí wọ́n ń so sábẹ́ aṣọ dára, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ń ká aṣọ sókè láàárín èrò láti yọ owó omi jáde nínú rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́, tàbí kí ẹ ti kó ohun tí ẹ máa ná lọ́jọ́ náà sápò iwájú kí ẹ tó jáde.

Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ńkọ́? Ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀. Báàgì tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn, ẹ dà á sí àyà bí ẹ bá wọ ibi tí èrò ti fún. Báàgì tí ẹ fi kọ́ àga lẹ́yìn nílé oúnjẹ kì í ṣe tiyín mọ́.

Kíkó gbogbo rẹ̀ sójú kan

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni àwọn èèyàn kì í kà sí àṣìṣe. Owó, káàdì méjèèjì, pásípọ́ọ̀tù, kọ́kọ́rọ́ yàrá, gbogbo wọn wà nínú pọ́ọ̀sì kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré, àlejò ti di ẹni tí kò lè jẹun, tí kò lè wọlé sùn, tí kò sì lè padà sílùú rẹ̀.

Ẹ pín in. Káàdì kan àti owó díẹ̀ ni kó bá yín jáde. Káàdì kejì kó wà níbi tí ẹ wọ̀ sí, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Pásípọ́ọ̀tù náà lè dúró sílé, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí òfin ibi tí ẹ ń lọ. Ní Japan, òfin sọ pé ojúlówó pásípọ́ọ̀tù ni kó máa wà lára àlejò, kì í ṣe ẹ̀dà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, inú aṣọ níbi tó súnmọ́ ara ni kó wà, lọ́tọ̀ sí owó. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe báńkì yín sórí ìwé. Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn tọ́jú rẹ̀ sí, fóònù náà sì ni olè á kọ́kọ́ gbé.

Gbígbàgbé pé fóònù ni wọ́n ń wá

Ní London, orí kẹ̀kẹ́ oníná àti alùpùpù ni wọ́n ń wà. Ẹni tó dúró létí títì, tó tẹjú mọ́ àwòrán ọ̀nà lórí fóònù, ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á gun ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n á já a gbà, ó di ìkòríta kejì. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀nà, ẹ kúrò létí títì, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí kí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn míì máa ń ní sùúrù. Wọ́n á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí fóònù láti orí èjìká yín, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó jí i. Nọ́ńbà yẹn lè ṣí ohun tó ju ojú fóònù lọ, títí dé orí ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Torí èyí ni Apple ṣe fi Stolen Device Protection, ààbò fún fóònù tí wọ́n bá jí, sínú iOS 17.3, ètò tó ń darí iPhone, ní January 2024: bí fóònù bá jìnnà sí ibi tó mọ̀ yín mọ́, ojú yín tàbí ìka yín ló máa béèrè kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ibi pàtàkì, ó sì lè ní kí ẹ dúró fún wákàtí kan kó tó gba àyípadà míì. Lọ́dún 2024 kan náà, Google gbé èyí tiwọn jáde fún Android, tó ń ti fóònù fúnra rẹ̀ bó bá fura pé wọ́n já a gbà. Ẹ wọ inú Settings kí ẹ tó rìnrìn àjò, kí ẹ wò ó bóyá ó wà ní títàn.

Ẹ fi PIN sórí síìmù náà. Olè lè yọ síìmù yín sínú fóònù tirẹ̀, kó sì máa gba nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ kọ IMEI tó bá jáde, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, sórí ìwé.

Rírò pé ibi tó lókìkí ní ààbò

Lóṣù April ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí gbéwiri, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lóṣù May ọdún 2015, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ Eiffel Tower. Bọ́ọ̀sì 64 ní Rome, tó ń gbé èèyàn láti ibùdókọ̀ ojú irin Termini lọ sápá Vatican, àti òpópónà La Rambla ní Barcelona, lórúkọ fún un. Ibi tí àlejò bá ti ń gbójú sókè wo nǹkan ni ọjà gbéwiri ti ń tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí èrò ti ń wo ẹni tó ń fi ife mẹ́ta ta tẹ́tẹ́ nílẹ̀. Díẹ̀ lára àwọn òǹwòran yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n.

Pọ́ọ̀sì olówó gọbọi tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ jí káàdì yín kà láti òkèèrè? Lójú tèmi, ẹ fowó yín jẹun. Ọwọ́ ni gbéwiri ń lò, á sì gbé pọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú káàdì tó wà nínú rẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má lé wọn wọ inú àdúgbò tí ẹ kò mọ̀. Ẹ yá fóònù ẹlòmíì, kí ẹ ti káàdì pa, kí ẹ sì ti fóònù yín láti orí Find My (ti Apple) tàbí Find Hub (ti Google), tí wọ́n fi ń wá fóònù tó sọ nù. Ẹ wo inú àwọn apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó wà nítòsí, torí wọ́n sábà máa ń kó owó, kí wọ́n sì ju pọ́ọ̀sì nù. Ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá; iléeṣẹ́ adójútòfò á béèrè rẹ̀, iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba yín náà lè béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní pásípọ́ọ̀tù pàjáwìrì.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ lè wọlé pé wọ́n ti rí fóònù yín, kí ẹ tẹ ìlujá (link) kan kí ẹ lè mọ ibi tó wà. Àwọn tó jí i ló kọ ọ́. Wọn ò tíì rí i ṣí, ọ̀rọ̀ aṣínà yín ni wọ́n ń wá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì yọ fóònù náà kúrò lórí àkáǹtì yín.