Ìrora Ìsàlẹ̀ Ẹ̀yìn àti Oríkèé Ìbàdí: Bí Ẹni Tó Ń Sáré Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí ìrora bá mú ẹni tó ń sáré ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lápá kan, lábẹ́ ibi tí a ń de bẹ́líìtì mọ́, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé egungun ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, wọ́n á sì júwe ẹni tí yóò bá a fà á padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á. Oríkèé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níbi tí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ti so mọ́ egungun ìbàdí, àwọn iṣan tó sì dè wọ́n yi débi pé ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ ni wọ́n ń mì. Eré sísá lásán kì í yẹ̀ ẹ́. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹrù tí à ń gbé lé e pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí pé nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ kan bá balẹ̀ nínú eré, ẹrù tó tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwúwo ara ló ń gbà.

Ẹ fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín. Bí ìka náà bá ń bọ́ sí itòsí kòtò kékeré tó wà lókè ìdí, tí ó sì ń dùn yín láti yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí láti gun àtẹ̀gùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oríkèé yìí, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò dájú. Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní láti fi sùúrù kún un, nítorí pé oyún máa ń dẹ àwọn iṣan ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iwájú, níbi tí itan ti pàdé ikùn, ló ń dun ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), kí ó lọ rí dókítà kíákíá.

Ẹ dá eré dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹ má dùbúlẹ̀ tì í. Ẹ máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fi àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè sílẹ̀ ná. Ẹ tún kíyè sí ọ̀nà tí ẹ̀ ń sá: etí títì máa ń dà sí apá gọ́tà kí omi òjò lè ṣàn lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń sá ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan náà ni yóò máa rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ìbàdí ni yóò sì jìyà rẹ̀. Pápá ìṣeré sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo oògùn ìrora kí ẹ lè sáré, pàápàá ibuprofen tàbí diclofenac, tó lè ṣe ìpalára fún ikùn àti kíndìnrín.

Lẹ́yìn èyí, iṣan ìdí àti ti ikùn ni kí ẹ kọ́ lágbára. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún méjèèjì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ wá gbé ìdí sókè títí tí èjìká, ìbàdí àti orúnkún yóò fi wà ní ìlà kan. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì telẹ̀, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn láìjẹ́ kí ìbàdí yí, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán.

Bí ẹ bá ti lè rìn fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ìrora, títí kan òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ máa sá ìṣẹ́jú 1, kí ẹ rin 2, ní ìgbà 8, kí ẹ sì máa fo ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe fi kún jíjìn àti ìyára papọ̀.

Bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tipiri, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gan ju ìṣẹ́jú 30 lọ láràárọ̀, tí ó ń dẹ̀ nígbà tó bá ń rìn, tí ó sì ti ju oṣù 3 lọ, kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an fún dókítà, nítorí pé àìsàn oríkèé mìíràn lè wà nídìí rẹ̀.