Ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kì: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń dún nídìí táyà iwájú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Sienna, Camry, Corolla tàbí Hilux kó ẹrù oko lọ sọ́jà la kọ èyí fún, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò ẹyọ kan tí gbogbo ilé gbójú lé. Ohun tó fà á ni mọ́tò kan tó kó ata àti tòmátì, bó ṣe ń ti ojú ọ̀nà eléruku bọ́ sórí títì báyìí, táyà iwájú kan yí wọ abẹ́ mọ́tò, imú mọ́tò sì balẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú mọ́ abẹ́ mọ́tò, ló já. Kò tíì sáré rárá, ìyẹn ni ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kú, àmọ́ ẹrù rà sójú ọ̀nà. Ohun tó dunni jù ni pé mọ́tò yẹn ti ń dún tipẹ́, ẹni tó ni ín gbọ́, ó sì náwó sí i. Ó ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ariwo ò lọ, ó ra sípíríǹgì, ariwo ò lọ, ló bá ní òun á máa mánéèjì ẹ̀ báyẹn títí ata á fi tán lóko. Nínú gbogbo ìnáwó yẹn, kò sẹ́ni tó fi jáàkì gbé táyà sókè kó fọwọ́ mì í wò.

Àṣìṣe tá a máa ń rí ṣáá nìyẹn o. Iwájú mọ́tò bá ti dún gbàm̀, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n á sọ, kò sẹ́ni tó ń yẹ nǹkan kan wò. Ṣọ́ọ̀kì wà lára ohun tó wọ́n jù níbẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí kẹ́ ẹ tó gbé owó lọ sí Ládípọ̀ tàbí Àgódì Gate. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tú táyà, ẹ ti mọ ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó fura sí nǹkan kan, ẹ kó ẹrù sílẹ̀ tán, ẹ yọ jáàkì, ìpààrọ̀ táyà àti sípánà inú búùtù, torí àwọn náà máa ń dún táá dà bíi pé iwájú ni. Ẹ pa rédíò àti AC. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan jókòó sápá ọ̀tún, ẹ rọra wakọ̀ lójú ọ̀nà gálọ́ọ̀pù ní 10 sí 20 km/h, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ sójú títì tó dáa. Ẹ ṣàkíyèsí ìgbà tó ń dún: ṣé ìgbà tó bọ́ sí kòtò ni, ṣé ìgbà tẹ́ ẹ kọ́nà ni, ṣé ìgbà tẹ́ ẹ tẹ búréèkì ni. Ìgbà tó ń dún ló máa sọ ohun tó ń dún, èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti parí síbẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn kì í ní sùúrù ẹ̀.

Kọ́kọ́kọ́ àti gbàm̀ kì í ṣe ọ̀kan náà

Tó bá jẹ́ kọ́kọ́kọ́ kẹ́kẹ́rẹ́ lórí gálọ́ọ̀pù wẹ́wẹ́, tí mọ́tò ò sáré, tó sì dákẹ́ tẹ́ ẹ dé ojú títì, línkéèjì stabilizer ni lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin gígùn tó gba abẹ́ mọ́tò kọjá. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ dájú nìyí: ẹ tú méjèèjì kúrò, kì í ṣe ẹyọ kan o, méjèèjì, kẹ́ ẹ so irin gígùn yẹn sókè kó má máa gbá nǹkan, kẹ́ ẹ wakọ̀ láìkó ẹrù fún 1 km péré, kẹ́ ẹ má kọjá 30 km/h, kẹ́ ẹ sì rọra kọ́nà torí mọ́tò á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Tí ariwo bá lọ, línkéèjì lẹ máa rà, kẹ́ ẹ ra méjèèjì pọ̀. Tí ò bá lọ, ẹ dá wọn padà, owó yín ṣì wà lápò.

Gbàm̀ ńlá kan ṣoṣo nígbà tẹ́ ẹ tẹ búréèkì tàbí nígbà tẹ́ ẹ ti rívásì bọ́ sí iwájú, bọ́ṣìn lower arm lẹ máa kọ́kọ́ wò, ìyẹn rọ́bà tó wà nídìí apá irin abẹ́ mọ́tò tó di táyà mú. Ẹ ki irin bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ rọra tì í, tí rọ́bà náà bá ti ya tàbí tí irin àárín ẹ̀ bá ń ṣí kúrò lára rọ́bà, ó ti lọ nìyẹn.

Tí ẹ bá dúró sójú kan tẹ́ ẹ wá yí sítíàrìn, tó ń dún gbọ̀ọ́n bíi pé wáyà fà tó sì tú, orí ṣọ́ọ̀kì ni, ibi tí ṣọ́ọ̀kì fi kan ara mọ́tò, bẹ́ẹ̀rìn kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan máa yí sítíàrìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka kan sórí sípíríǹgì, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ tó bá fò. Ẹ má ki ìka bọ àárín ẹ̀ o.

Tàtàtàtà tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ yí sítíàrìn dé òpin tí mọ́tò ń rìn ló ń dún, CV joint ni, oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà. Ẹ wo rọ́bà tó bò ó, ẹ máa rí i pé ó ti ya, gírísì sì ti fọ́n ká sínú rííìmù. Ẹni tó bá tètè rí rọ́bà yẹn kí joint tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, rọ́bà àti gírísì nìkan ló máa rà.

Hùùùn tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, bẹ́ẹ̀rìn táyà ni tàbí táyà tó jẹ láìdọ́gba. Ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn, tí ariwo bá tẹ̀ lé e lọ, táyà ni. Tí ò bá tẹ̀ lé e, ẹ rọra yí díẹ̀ sápá ọ̀tún lójú títì tó ṣófo: tó bá pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀rìn apá òsì ni, torí òsì ni ìwúwo mọ́tò ń lọ nígbà yẹn.

Tí ariwo bá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kan búréèkì fẹ́rẹ́, paadi búréèkì ló ń mì nínú ilé ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé wíìn ló ń ké tẹ́ ẹ bá yí sítíàrìn, ẹ wo ọ́ìlì power steering. Ọ̀pọ̀ Toyota ló ń lo ATF Dexron II tàbí III, ìdérí ẹ̀ ló máa sọ. Corolla 2009 sókè tó ti Amẹ́ríkà wá, iná ló ń yí sítíàrìn ẹ̀, kò ní ọ́ìlì yẹn rárá, kẹ́nì kankan má gba owó ọ́ìlì lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì yí sítíàrìn dé òpin kẹ́ ẹ dì í mú síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí

Èyí ló ń pààyàn. Línkéèjì tó ti jẹ lè máa dún létí yín fún oṣù mẹ́fà, kò ní ṣe yín ní nǹkan. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá yọ, táyà ti lọ nìyẹn, sítíàrìn ò ní gbọ́ tiyín mọ́.

Ibi tẹ́ ẹ bá fi jáàkì sí ṣe pàtàkì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í. Sienna, Camry àti Corolla, abẹ́ ara mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi jáàkì sí, kí táyà máa rọ̀ dirodiro. Hilux ti 2005 sókè yàtọ̀, sípíríǹgì ẹ̀ jókòó sórí lower arm, nítorí náà abẹ́ lower arm ni jáàkì máa wà, kó sún mọ́ táyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sípíríǹgì á tẹ jọ́ìntì mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi stand gbé mọ́tò dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe stand. Ó máa ń fọ́ lójijì, kì í sọ fúnni tẹ́lẹ̀. Pákó tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò tẹ́ ẹ ò bá ní stand, ẹ má sì ki orí bọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e.

Ẹ jẹ́ kí táyà fi bíi 5 cm kúrò nílẹ̀, ẹ ki irin tó gùn tó mítà kan sábẹ́ ẹ̀, kẹ́nì kan máa gbé e sókè sódò, kí ẹnì kejì tan iná sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Tójú bá rí i pé ó ń lọ sókè sódò, tàbí rọ́bà orí ẹ̀ ti ya tí iyanrìn ti wọlé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kí mọ́tò tó kẹ́rù kankan, kódà kí ọjà jẹ́ ọ̀la. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń yẹ̀, kẹ́nì kan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tún mì í: tó bá dúró, bẹ́ẹ̀rìn ni, tó bá ṣì ń yẹ̀, ẹ padà sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì.

Mẹkáníìkì á ní àfi kẹ́ ẹ ra odidi lower arm. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, bọ́ọ̀tì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló de bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mọ́ lower arm, ó ṣeé yọ lọ́tọ̀. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. A mọ̀ pé Belgium dáa fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ iye ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì Belgium ti rìn, nǹkan tó gbé ẹ̀mí yín dání kọ́ lèèyàn fi ń ṣọ́wó ná.

Sítíàrìn náà wà níbẹ̀. Táyà wà lókè, ẹ di í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Tó bá yẹ̀, tie rod end ni (orí irin tó ń ti táyà yí) tàbí rack end (oríkèé inú tó so irin yẹn mọ́ rack, ìyẹn àpótí sítíàrìn). Ẹ dá táyà padà sílẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kẹ́nì kan máa gbọn sítíàrìn sọ́tùn-ún sósì bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì gbé ọwọ́ lé tie rod end, lẹ́yìn náà lórí rọ́bà tó bo rack end. Èyí tó bá ń lù yín lọ́wọ́, òun ni. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ odidi rack nígbà tó jẹ́ rack end kékeré ló jẹ.

Ìgbà wo wá ni ṣọ́ọ̀kì? Tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì tó ń ṣàn lára ẹ̀, kì í ṣe eruku tó rin díẹ̀ o. Tàbí tẹ́ ẹ tẹ imú mọ́tò mọ́lẹ̀ nígbà 3 tẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ ẹ̀, tó ń jó ju ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ kó tó dúró. Ìgbà yẹn ẹ ra méjì, fún ọ̀tún àti òsì.

Tẹ́ ẹ bá ń de é padà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n de bọ́ọ̀tì lower arm pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lókè. Kí wọ́n fi wọ́n lé e, kí mọ́tò balẹ̀, kẹ́ ẹ tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n wá de é gírígírí. Tí wọ́n bá de é lókè, rọ́bà bọ́ṣìn á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, kò sì ní pẹ́ ya, lẹ máa wá sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Pín-ín-nì kékeré tó máa ń gba inú nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti tie rod end, tuntun ni kó jẹ́, kì í ṣe ìṣó, kì í ṣe wáyà.

Ẹrù ńkọ́? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹrẹba, ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ Amẹ́ríkà ló ní sítíkà tó sọ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù pọ̀. Tó bá kọ 500 kg, tí dẹrẹba jẹ́ 80 kg, ó ku 420 kg, ìyẹn ò tó àpò sìmẹ́ńtì 9. Ẹ wá wo iye àpò gààrí tẹ́ ẹ máa ń kó. Afẹ́fẹ́ táyà náà wà lórí sítíkà yẹn, àárọ̀ tí mọ́tò ò tíì rìn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan tie rod end, rack end tàbí lower arm, ọ̀dọ̀ oní-alignment ni kẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ lọ, kì í ṣe oko. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, Camry àti Sienna, 103 Nm ni wọ́n ń de é. Ẹni tó bá ní sípánà tó ń wọ̀n ọ́n kó lò ó, lẹ́yìn 100 km kẹ́ ẹ tún un de, ẹ sì gba bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àlòkù yẹn lọ́wọ́ mẹkáníìkì lọ sílé, kó má baà padà sọ́jà.