Bí o ṣe lè máa bá iṣẹ́ spinner lọ nígbà tí ẹlòmíì ṣì wà nípò tó ò ń wá

Àbúrò mi tó ń ju bọ́ọ̀lù yíyí nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní spinner, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ tí gbogbo èèyàn ní kíláàbù mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ sí squad orílẹ̀-èdè (àwọn tí wọ́n ti ń yan ẹni tó máa gbá) lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ tó bá di àárọ̀ ọjọ́ eré, omi lò ń gbé fáwọn tó wà lórí pápá. Ipò yẹn le, ó sì lè pẹ́ ju bó o ṣe rò lọ, torí èèyàn 11 péré ló ń wọlé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì jẹ́ pé spinner kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú, àfi níbi tí ilẹ̀ ti máa ń gbẹ tó ń sán bíi Íńdíà àti Sri Lanka ni wọ́n ti ń mú méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ń sáré wá ju bọ́ọ̀lù, mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n, tí ọ̀kan bá ṣèṣe òmíì á wọlé. Tìẹ, ẹnì kan ló dí ọ̀nà, tí ara onítọ̀hún bá sì le, o máa jókòó títí ni.

Nítorí náà kó o tó ṣe nǹkankan, kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú rẹ dáadáa. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ọwọ́ wo ló fi ń jù ú? Ìka ló fi ń yí i ni àbí ọrùn ọwọ́? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Rajinder Goel tó gbá fún Haryana ní Íńdíà, ọlọ́wọ́ òsì ni, wíkẹ́ẹ̀tì 637 (ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó lé jáde) ló mú nínú Ranji Trophy, ìdíje abẹ́lé Íńdíà, kò sẹ́ni tó mú tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí, àmọ́ kò gbá Test kankan (eré ọlọ́jọ́ márùn-ún láàárín orílẹ̀-èdè) láyé ẹ̀, torí Bishan Bedi wà níbẹ̀ lásìkò kan náà, ọlọ́wọ́ òsì bíi tiẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 1974, West Indies wá sí Bangalore, wọ́n ti yọ Bedi torí ọ̀rọ̀ ìwà, wọ́n fi Goel sí squad, gbogbo èèyàn rò pé ó ti dé nìyẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Prasanna, Venkataraghavan àti Chandrasekhar, àwọn spinner mẹ́ta míì, ni wọ́n kó wọlé. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀.

Stuart MacGill ti Ọsirélíà náà ńkọ́, Shane Warne ló pàdé, leg-spinner (ẹni tó ń fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún yí bọ́ọ̀lù) sí leg-spinner. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé MacGill ò tó Warne torí nínú Test 16 táwọn méjèèjì jọ gbá, MacGill mú wíkẹ́ẹ̀tì 82, Warne mú 74. Síbẹ̀ Test 44 péré ló gbá, ó fi mú 208. Ìgbà tí Warne fẹ̀yìn tì lọ́dún 2007 tí ọ̀nà là gbàrà, MacGill ti ń lọ sí ọmọ ọdún 36, ọwọ́ àti orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, Test díẹ̀ ló tún gbá tó fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé irú ẹ ni ẹni tó wà níwájú, má yí ara ẹ padà o, àmọ́ wá nǹkan kan tí òun ò ní. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bat (pátákó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù) dúró kó o lè fi run 30 (àmì tí wọ́n fi ń ka eré) kún eré, di ẹni tí bọ́ọ̀lù kì í já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nítòsí ẹni tó ń gbá a. Tó bá jẹ́ pé irú yín yàtọ̀, ìyẹn tún dáa jù, torí wọ́n lè jọ lo ẹ̀yin méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ Rangana Herath, spinner ọlọ́wọ́ òsì Sri Lanka, torí òun ni mo fẹ́ kó o fi ṣe àwòkọ́ṣe, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju Muralitharan lọ, ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó wà níwájú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Herath bẹ̀rẹ̀ Test fún Sri Lanka ní Galle lọ́dún 1999. Muralitharan sì wà níbẹ̀, ẹni tó padà mú wíkẹ́ẹ̀tì 800. Ọdún mẹ́wàá gbáko, Test tí wọ́n jẹ́ kí Herath gbá ò tó 20. Wọ́n á pè é, wọ́n á dá a padà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, Sampath Bank, ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé, ó sì ń lọ gbá líìgì ní ìlú òyìnbó. Kò sí fíìmù nínú ìyẹn, ìgbésí ayé òṣìṣẹ́ lásán ni. Ní 2009 ó wà ní Staffordshire níbi tó ti ń gbá fún kíláàbù Moddershall, orúnkún Murali yọ ọ́ lẹ́nu, Sangakkara tó jẹ́ captain pè é lórí fóònù pé ṣé ó lè máa bọ̀ wálé, ó wọ bàálù, kò pẹ́ tó balẹ̀ tí Test fi bẹ̀rẹ̀ ní Galle. Pakístánì ń wá run 168 láti borí, wọ́n ti ní 71 tí èèyàn méjì péré ti jáde, o mọ̀ pé wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́kàn, ni Herath bá mú mẹ́rin jáde, run 15 péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo wọn jáde lórí 117. Ó ti lé lọ́mọ ọdún 31 nígbà yẹn. Wíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 350 ló mú lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì ó ti ní 433. Lọ́dún 2016, ọmọ ọdún 38, ó mú 28 nínú Test mẹ́ta tí wọ́n fi na Ọsirélíà 3-0.

Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀? Bọ́ọ̀lù tó rọrùn ni. Kì í yára, ara ẹ̀ sanra díẹ̀, kò ga. Àmọ́ ó mọ bọ́ọ̀lù kan ṣe débi pé ó lè ṣe é lójú oorun, òun sì ni kó o fi gbogbo àkókò ìdúródè yìí kọ́.

Wò ó, báyìí ni. Ya ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ìka àárín sọ́tọ̀ lórí ojú okùn tí wọ́n fi rán bọ́ọ̀lù, kí oríkèé ìka àkọ́kọ́ gan-an di okùn yẹn mú, torí ibẹ̀ lagbára ti ń wá. Tó o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, yí ìka yẹn bí ẹni ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, kó o sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí kọjá kí ìbàdí lè tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń fi ọwọ́ nìkan ṣe é, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù wọn fi ń yí lọ́wọ́ tí kì í yí nílẹ̀. So okùn kan kọjá láàárín píìṣì (ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń jù ú), kó ga díẹ̀ ju orí èèyàn lọ, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gba òkè okùn yẹn kó tó já bọ́. Tẹ́ hánkáṣíìfù sílẹ̀ bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún síwájú igi mẹ́ta tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń dáàbò bò. Má ṣe kà á pé o jù ú lórí hánkáṣíìfù tí kò bá gba òkè okùn, méjèèjì pọ̀ ni. Tó o bá ti ń rí i ṣe, mú okùn kúrò, kó ẹnì kan síwájú ẹ kó máa gbá ẹ síta, wò ó bóyá o ṣì máa gbà kí bọ́ọ̀lù gba òkè lẹ́yìn tó ti gbá ẹ fún six (run mẹ́fà). Ẹ̀rù ló máa ń ba èèyàn níbẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í bọ́ kíákíá, bọ́ọ̀lù á dọ́gba, gbogbo ẹni tó bá ní bat á sì jẹun níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ ẹyọ kan péré kún un, bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ á dà bíi pé ó fẹ́ yí àmọ́ tó máa lọ tààrà. Ìyẹn ni Herath fi ń mú wọn, bọ́ọ̀lù á bá wọn lẹ́sẹ̀ níwájú igi, wọ́n á sì jáde. Ẹ̀tàn ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ àyàfi tí bọ́ọ̀lù yíyí gan-an bá ti dẹ́rù bà wọ́n.

Àwọn tó ń sáré tọ bọ́ọ̀lù àdìtú, tí ẹni tó ń gbá ò ní mọ ibi tó ń lọ, mi ò sọ pé kò dáa o, ṣùgbọ́n wo Ajantha Mendis, ọmọ Sri Lanka náà, sójà ni. Lọ́dún 2008 ó mú mẹ́fà fún 13 lọ́wọ́ Íńdíà nínú àṣekágbá Asia Cup ní Karachi, ó tún mú 26 nínú Test mẹ́ta àkọ́kọ́ ẹ̀, gbogbo ayé ń pariwo. Wọ́n wo fídíò, wọ́n wo ìka ẹ̀, wọ́n kà á tán. Test 19 ló gbá gbogbo ẹ̀. Herath tí kò ní àdìtú púpọ̀ gbá 93.

Ọ̀rọ̀ ìgúnpá ńkọ́. Òfin ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ni pé ìgúnpá ò gbọdọ̀ nà ju 15 degree lọ nígbà tó o bá ń ju bọ́ọ̀lù, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ o ń sọ òkò nìyẹn. Ní kí ẹnì kan fi fóònù ya ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú, ní slow motion, lóṣooṣù, pàápàá nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, torí ìgbà yẹn ni ìgúnpá máa ń tẹ̀. Saeed Ajmal ti Pakístánì wà lára àwọn tó dáńtọ́ jù láyé nígbà tí wọ́n dá a dúró torí ìgúnpá ní 2014, ó tún ọwọ́ ṣe, ó padà, àmọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò tíì lórúkọ, tí wọ́n bá dá a dúró, ta ló máa rántí ẹ̀?

Owó wá. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé wọ́n pè ẹ́ sí camp. Wá iṣẹ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ máa gbà kó o lọ tí wọ́n bá pè ẹ́. Nathan Lyon, ara àwọn tó ń tọ́jú pápá ní Adelaide Oval ló wà kó tó di spinner Ọsirélíà ní 2011, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù nínú Test ló fi mú Sangakkara jáde. Líìgì ìlú òyìnbó náà dáa tó o bá rí i, láti bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ni, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó o kọ́ àwọn ọmọdé wọn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ka kọntíráàtì dáadáa kó o tó fọwọ́ sí i: ta ló ń san owó bàálù, ibo lo máa sùn, tó o bá ṣèṣe ta ló ń san owó dókítà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé tí orílẹ̀-èdè ẹ bá pè ẹ́, wọ́n á fi ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, tí wọn ò bá kọ ọ́, má fọwọ́ sí i.

Fún àwa ní Nàìjíríà, àtẹ̀gùn tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Láti January 1, 2019 ni ICC ti fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ láṣẹ T20 àgbáyé (eré kúkúrú, over 20 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan), torí náà over mẹ́rin, bọ́ọ̀lù 24, lo máa rí jù nínú eré kan, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ẹ. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú kékeré wò ó. Oṣù kọkànlá 2024, ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó, àwọn ọkùnrin wa gbá run 271, wọ́n wá lé gbogbo Ivory Coast jáde lórí run 7. Ní January 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí ò tíì pé ọdún 19 fi run méjì na New Zealand ní Sarawak lórílẹ̀-èdè Malaysia, 65 sí 63. Nínú T20, over tó o máa jù nígbà tí pápá ṣì ṣí sílẹ̀ (over mẹ́fà àkọ́kọ́, tí òfin ò jẹ́ kí èèyàn púpọ̀ dúró jìnnà) ni kó o máa fi dánra wò jù, torí spinner tó lè jù ú nígbà yẹn ò pọ̀, captain á máa wá ẹ.

Tí ìpè bá wá dé, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ń pa spinner. Bryce McGain ti ń lọ sí 37 kó tó gbá Test fún Ọsirélíà, ní Cape Town lóṣù kẹta 2009, over 18, run 149, kò mú ẹnì kankan, wọn ò pè é mọ́. Simon Kerrigan, ọ̀dọ́mọkùnrin Lancashire, gbá fún England ní Oval ní London lọ́dún 2013, over mẹ́jọ run 53, ìyẹn nìkan náà ni. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n ṣe o, mi ò lè gbọ́ kí wọ́n máa bú wọn. Torí náà kó o tó gba bọ́ọ̀lù, bá captain sọ̀rọ̀, sọ fún un ibi tó o fẹ́ káwọn èèyàn dúró sí, ní kó fi ẹni mẹ́ta sítòsí bàúńdírì (etí pápá) fún over méjì àkọ́kọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn tó o ti fi ọdún kọ́, má gbìyànjú nǹkan tuntun rárá. Tí wọ́n bá gbá ẹ, rìn lọ́ra padà síbi tó o ti ń bẹ̀rẹ̀, nu ìka ẹ, mí.

Tí kò bá sì dé ńkọ́? Goel ò dáwọ́ dúró lẹ́yìn 1974 o, ó ń gbá títí tó fi lé lọ́mọ 40. Má fi ọjọ́ orí 27 tàbí 28 pinnu, spinner kì í tíì gbó nígbà yẹn, orúnkún àti èjìká ni kó o máa tọ́jú, máa sáré díẹ̀, máa gbé irin díẹ̀, gé awọ líle tó bá hù sórí ìka kó má baà ya lọ́jọ́ eré. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kóòṣì nísinsìnyí tó o ṣì ń gbá. Herath fi pápá sílẹ̀ ní Galle lóṣù kọkànlá 2018, nígbà tó di 2021 Bangladesh ti gbà á kó máa kọ́ àwọn spinner wọn. Béèrè ní kíláàbù yín ìgbà tí wọ́n máa ṣe kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ fáwọn kóòṣì, fi orúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.