Bí Ẹ Bá Pàdé Àwòrò Tao ní Guangzhou

Ẹni tó bá ń gbé ní Xiaobei, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ná ọjà ní Guangzhou, ìlú ńlá kan ní Ṣáínà, kò jìnnà sí Sanyuan Gong, ilé òrìṣà Tao, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà, tó wà nísàlẹ̀ òkè Yuexiu. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí àwọn tó di irun ní ṣóńṣó sí àtàrí, tí wọ́n wọ ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ aró. Àwọn ni àwòrò Tao; daoshi ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ẹ má kà wọ́n sí pásítọ̀. Wọn kì í gba ìdámẹ́wàá, wọn ò sì ní ní kẹ́ ẹ wá di ọmọ ìjọ. Ọ̀ràn ló ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ wọn: ìsìnkú, ilé tuntun, àìsàn tí kò lọ. Babaláwo ló sún mọ́ wọn jù, àmọ́ ìwé ni daoshi fi ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀. A kọ ẹ̀bẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba: orúkọ ẹlẹ́bẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ohun tó ń fẹ́. A lu òǹtẹ̀ sí i, a kà á, a wá sun ún kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbà á lókè. Nítorí náà, bí onílé yín bá ní kẹ́ ẹ mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá nítorí ètùtù ilé, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi yín ṣoògùn owó.

Àwọn ti Sanyuan Gong, Quanzhen ni wọ́n, ẹ̀ka tí Wang Chongyang dá sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í jẹran. Àwọn Zhengyi, ẹ̀ka mìíràn, ní tiwọn ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ, ọ̀pọ̀ wọn ló jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń pè sí ìsìnkú lábúlé.

“Daozhang” lẹ máa pè wọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìdọ̀bálẹ̀: ẹ di ọwọ́ ọ̀tún ní ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi òsì bò ó, ẹ tẹrí ba díẹ̀. Ẹ má bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí, èèwọ̀ ni. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá pákó ẹnu ọ̀nà, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Òfin Ṣáínà gba àlejò láyè láti wọlé, ṣùgbọ́n kò gbà á láyè láti wàásù fún ọmọ ìlú. Ẹ má pín ìwé ìléwọ́ níbẹ̀, kódà bí Ẹ̀mí bá ń tì yín. Daoshi tòótọ́ sì ní ìwé ẹ̀rí. Bí aláṣọ gígùn kan bá dá yín dúró lẹ́bàá títì pé òun fẹ́ ríran sí yín, ẹ máa bá tiyín lọ.