Irọ́ kan péré ni mo gbà kí kọ́míìkì mi pa

Ìwé kìíní nínú kọ́míìkì mi ti jáde. Ojú ewé 24 ni, yàtọ̀ sí èèpo rẹ̀. Ìtàn ìlú kékeré kan létí ọ̀sà Èkó ni, ìlú àròsọ tí mo pè ní Ìdí-Àgbọn, tí ojú àwọn ará ibẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ àwọn ẹranko ayé ọjọ́un. Ìwé mẹ́ta ni mo pín in sí. Àwọn tó rí èyí tó ti jáde ń bi mí bí mo ṣe ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Kí n tó fa ìlà kan, mo fi òfin kan de ara mi: irọ́ kan péré ni ìtàn yìí lè pa. Irọ́ náà ni pé àwọn ẹranko wọ̀nyí kò kú tán. Ibi tí wọ́n ti wá, bí ara wọn ṣe rí, bí omi ọ̀sà ṣe ń ṣe, gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ parọ́ kan fún ọmọ Èkó, á bá yín ṣeré. Ẹ pa á ní méjì, ẹ̀rín ló máa fi yín rín.

Òfin yìí ló kọ́kọ́ lé Tyrannosaurus dànù, ẹranko ńlá eléyín mímú tí fíìmù sọ di olókìkí. Apá àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń hú egungun rẹ̀. Kí ló fẹ́ wá ṣe níbí? Mo yíjú sílé, mo bá rí Goronyosaurus. Ẹranko inú òkun ni, ẹbí aláǹgbá àti awọ́nríwọ́n, tó ní lẹbẹ dípò ẹsẹ̀. Sókótó ni wọ́n ti rí egungun rẹ̀, ìlú Goronyo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1972. Òkun dé Sókótó kẹ̀? Ó dé ibẹ̀ dáadáa. Láyé ìgbà náà, ìyẹn ṣáájú mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, òkun ya wọ àárín ilẹ̀ Áfíríkà títí dé ibi tó ti di aṣálẹ̀ lónìí. Fún ìwé kejì, mo mú Sarcosuchus, ọ̀nì ńlá tí wọ́n hú ní aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n dá gígùn rẹ̀ sí bíi mítà 9 sí 12. Danfo méjì tí wọ́n tò tẹ̀ léra ni mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n má baà ṣì í yà. Ti ìwé kẹta ni Pappocetus lugardi, àbùùbùtán ìgbà ìwáṣẹ̀ tí egungun rẹ̀ jáde ní Ameki, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni o, Lugard yẹn náà ni. Ẹni tó kọ̀wé nípa ẹranko náà ní 1920 ló fi orúkọ Gómìnà dá a lọ́lá. Bóyá inú Gómìnà dùn sí i, èmi ò mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí àwọn ẹranko náà jí láti inú ihò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun ní Ewékorò, pé á bá sìmẹ́ǹtì mu. Mi ò gbà. Goronyosaurus ti kú tán kí òkúta ẹfun ibẹ̀ tó dì. Àpáta ìgbà ayé rẹ̀ wà lábẹ́ Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Kí ló wá máa ń gbẹ́ ilẹ̀ Èkó jinlẹ̀? Bóhóòlù. Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: olówó kan ní Ìdí-Àgbọn gbẹ́ bóhóòlù, kò rí omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ. Àmì àkọ́kọ́ tí ìlú rí ni pé omi tí Ìyá Kúdí fi tẹ ẹ̀bà níyọ̀.

Ibi tó wá le jù ni ọ̀sà fúnra rẹ̀. Kò jìn. Níbi tó pọ̀, omi rẹ̀ kò ju mítà 2 tàbí 3 lọ. Níbo ni ẹranko ńlá bẹ́ẹ̀ fẹ́ sá pamọ́ sí? Mo gbé ìwé àwòrán mi lọ sí Ìlàjẹ ní Bárígà láti lọ ya ọkọ̀ ojú omi, mo sì bi bàbá apẹja kan níbi tí omi ti jìn.

"Ọmọ mi, àwọn tó ń fa yanrìn ni kó o lọ bi," ló sọ. "Ibi tí a ti ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pá ò kanlẹ̀ níbẹ̀ mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá bí ẹni tó rówó he. Ihò tí àwọn afayanrìn gbẹ́ sílẹ̀ di ilé ẹranko mi. Bàbá náà ló tún fi akájà hàn mí, àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì mọ́ ibi tí omi ò ti jìn kí ẹja lè wá kóra jọ síbẹ̀. Ẹranko tí ebi ń pa ò ní kọ́kọ́ lọ jẹ èèyàn nígbà tí ẹnì kan ti bá a kó ẹja jọ. Akájà ló kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ìwé mi, àwọn apẹja sì fẹ̀sùn olè kan ara wọn títí ìjà fi dé. Mo fẹ́ràn ojú ewé ìjà yẹn ju èyí tí ẹranko wà nínú rẹ̀ lọ.

Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ṣe pàtàkì. Lójò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Lẹ́ẹ̀rùn, òkun á ti iyọ̀ padà wọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìwé kìíní, nítorí ẹranko òkun ni Goronyosaurus. Ìwé kejì ń dúró de òjò, torí inú odò ni ti Sarcosuchus.

Yíya ẹranko kò pẹ́. Ìlú ló pẹ́. Bí ẹ̀rù bá dé, gbogbo èèyàn kì í sá sí ọ̀nà kan náà bí a ti máa ń rí i nínú fíìmù. Aláàkàrà kọ́kọ́ sọ epo kalẹ̀ lórí iná. Ọlọ́kadà kọ́kọ́ fi owó kún owó ọkọ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ pe ìpàdé. Èmi gan-an ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń yà á.

Ọ̀rọ̀ inú àwòrán náà, ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Oríṣi lẹ́tà (font) kọ́míìkì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi kò mọ ẹ̀ àti ọ̀ tó ní àmì lórí àti lábẹ́. Ṣe ló máa ń lọ yá wọn láti ibòmíràn, gbogbo rẹ̀ á wá rí jágbajàgba. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kọ ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa láàárín ìlà, kí àmì ìsàlẹ̀ má baà gun àmì òkè.

Ṣómólú ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe dọ́mì kẹ́ ẹ tó lọ: ẹ ká pépà sí méjì-méjì, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára. Ìwé tí wọ́n fi píìnì kàn láàárín gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ewé tó ṣeé fi mẹ́rin pín. Nínú ojú ewé 24, 12 àti 13 nìkan ló wà papọ̀ lójú pépà kan ṣoṣo tí wọn ò gé. Ibẹ̀ ni mo jẹ́ kí ẹranko náà ti yọ jáde lódindi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ojú ewé 12 tó dé, ìrù àti ìró nìkan lẹ máa rí.

Alàájì tó ni ẹ̀rọ náà wo àwòrán òru mi kó tó ṣe pulétì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé.

"Àbúrò, dúdú yìí ti pọ̀ jù. Íńkì ò ní tètè gbẹ, á kun ojú ewé tó kọjú sí i."

"Omi òru ni, Alàájì."

"Mo rí i pé òru ni. Ìlà ni kó o fi yà á, ẹni tó bá wò ó á mọ̀."

Mo padà lọ fi ìlà ya ọ̀sà. Omi náà wá dà bí èyí tó ń mì, ó sì dára ju dúdú lásán lọ. Pépà bond 80 gram ni mo lò fún inú rẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo art paper kó lè máa dán, ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ máa ká sápò kò nílò dídán.

Ìwé kejì ń lọ lọ́wọ́. Èyí tó ń gbà mí ní ìrònú ni ẹ̀kẹta, torí egungun Pappocetus tí wọ́n rí kò pọ̀. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti eyín ló ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Mo ní láti yá ẹsẹ̀ rẹ̀ lára àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n hú ní Pakistan, àwọn àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n lè wọ́ gòkè odò. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo sì nílò, nítorí ọjà Ìdí-Àgbọn kò sí létí omi.